Àlejò Wa Ọ̀wọ́n

Ẹlẹ́rìí tún pọ́n.

Ìyá Omíyalé kò tilẹ̀ rí i. Òkèlè wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń fi òsì júwe bí Tinúadé ṣe máa ń gúnyán, ẹ̀rín sì ti pa á débi tí omijé fi ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wo ìyálé mi, Orí-Àpáta! Ẹ̀yin ará òkè kì í gúnyán, ńṣe lẹ máa ń lù ú bí ẹni mú olè. Kókó inú eléyìí pọ̀ débi tí mo fi rò pé ẹ̀pà lẹ dà sí i!"

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́ o, Ẹja-Gbígbẹ," Tinúadé dá a lóhùn. "Ẹni tó jẹ púpurú ẹ̀gẹ́ dàgbà, tí òórùn rẹ̀ ń lé eku jáde nílé, òun ló wá ń bá mi sọ̀rọ̀ iyán."

"Púpurú náà ló jẹ́ kí n lẹ́wà báyìí!"

"Ẹwà dà? Àbí inú àpò lẹ gbàgbé rẹ̀ sí?"

Adékànmbí, ọkọ Tinúadé, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí àárín tábìlì. "Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wò ó."

Wọ́n wò ó. Ẹlẹ́rìí, fìtílà gíláàsì tí ìjọba gbé sí ilé kọ̀ọ̀kan, kò ju ìgò epo kan lọ ní gíga. Láàárín àwo ọbẹ̀ àti ife omi ló máa ń dúró, gẹ́gẹ́ bí Òfin Àjọjẹ ti wí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi aṣọ bò ó tàbí kí ó gbé e kúrò níbi tó wà. Bí ó bá gbọ́ ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, iná inú rẹ̀ a tàn bí ewé tuntun. Bí ó bá ń ṣiyèméjì, a dàbí èso ìyeyè. Nísinsìnyí, ó pọ́n bí ẹyín iná. Pupa rẹ̀ ta sí iyán, ó ta sí ọbẹ̀, ó ta sí eyín Ìyá Omíyalé tó ṣì wà níta fún ẹ̀rín.

Ohùn kan jáde nínú rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́, bí ohùn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. "Ẹ̀yin ará ilé wa, a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra láàárín ará òkè àti ará omi nínú ilé yìí. Ìkìlọ̀ yín ti tán. Dókítà yóò wá kí yín lọ́la. Àlàáfíà fún yín."

"Ìkórìíra kẹ̀?" Ìyá Omíyalé bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló jókòó síbẹ̀. "Ta ló kórìíra ta?"

Àṣàbí, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó fara tì í, fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ. "Ìyàwó mi, ẹ ti tún mú un bínú."

"Èmi kọ́ o, ọkọ mi Eyín-Ò-Pé. Ìyálé mi ni."

Ó bu òkèlè mìíràn, ó ń jẹun lọ. Ṣùgbọ́n Tinúadé kò lè jẹ mọ́. Iyán tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti di amọ̀.

Ọdún kan ti kọjá tí arúgbó náà ti wọ ilé wọn. Òkun ti gun ilẹ̀, ó ti gbé àwọn ìlú etí omi mì, àwọn tó yè sì ti sá wá sí Òkè-Ìsádi pẹ̀lú ohun tí orí wọn lè rù. Ará òkè gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò gbà wọ́n. Lẹ́yìn Ìjà Kànga, nígbà tí wọ́n pa ara wọn nítorí omi mímu, ni ìjọba ní kí olúkúlùkù ilé ará òkè gba ará omi sọ́dọ̀, kí wọ́n máa jẹun lórí tábìlì kan. Ọ̀pọ̀ ará omi wọlé onílé pẹ̀lú ojú nílẹ̀. Ti Ìyá Omíyalé yàtọ̀. Opó ni, omi sì ti gba ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Adékànmbí, ó wo gbogbo wọn láti òkè délẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Àṣàbí tó ń mu ìka.

"Ọkọ mi," ni ó wí, "ìyàwó yín dé o. Ilé tí obìnrin bá gbẹ́rù wọ̀, tí kò ní ibi tó tún lè padà sí, ilé ọkọ rẹ̀ ni."

Báyìí ni arúgbó náà ṣe fi ara rẹ̀ ṣe ìyàwó kékeré ilé. Tinúadé, tí ó tó bí lọ́mọ, di ìyálé rẹ̀. Bí ìyàwó kì í ti í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ, kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ nínú wọn. Olúkúlùkù ló sọ lórúkọ tirẹ̀. Adékànmbí, tí orí rẹ̀ kò kan ìtẹ́rígbà ilé ẹnikẹ́ni rí, Agùntáṣọọ́lò ló ń pè é. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, òun tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà Ìjà Kànga. Kò sí òfin tó kọ́ wọn láti fẹ́ràn arúgbó náà. Wọ́n kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n rí i pé àwọn ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ọlọ́run tó dá ọkàn èèyàn kò ṣí fèrèsé sí i níta. Ó mọ ìdí tí Ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Dókítà Ìbíyẹmí dé ní òwúrọ̀, nínú ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ìwádìí Ìwà ni láti mọ ohun tó ń mú kí àwùjọ kan kórìíra èkejì, kó sì wá oògùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Omíyalé tó ń já ewé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ó fa Tinúadé lọ sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi òjò, níbi tí etí Ẹlẹ́rìí kò dé.

"Arábìnrin, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí?"

"Àwàdà ni, Dókítà. A máa ń bára wa ṣeré ni."

"Ẹ pè é ní ẹja gbígbẹ."

"Òun náà pè mí ní orí àpáta! Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ mí ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Dókítà kò bínú. Ì bá sàn kó tilẹ̀ bínú. "Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe ará omi láàárọ̀ ọjọ́ Ìjà Kànga? Ohùn wọn wà lọ́dọ̀ wa. Mo ti gbọ́ ọ títí tí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. 'Ẹja gbígbẹ, ẹ padà sómi.' Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nígbà yẹn. Ẹnikẹ́ni kò tíì mú àdá. Ọ̀sán ni wọ́n tó mú un. Gbogbo ìjà tí mo ti wádìí rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, ikú a wá tẹ̀lé e. Àbúrò mi wà níbẹ̀. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni."

Tinúadé wo ilẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Olúwa á tù yín nínú." Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn Ìyá."

"Mo gbà yín gbọ́."

"Ẹ gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà yín gbọ́, Arábìnrin. Ẹlẹ́rìí ni kò gbà yín gbọ́. Kì í rí ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́, àti ohùn, àti bí èémí ṣe ń sáré. A ti gbé e sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, ìjà sì ti dín kù. Ẹ̀yin náà rí i. Bí ó bá wá ṣi ilé kan mọ̀, ṣé kí n torí ilé kan pa iná gbogbo ilé?"

"Ilé kan yẹn ni tèmi."

Dókítà fi ìka ha ẹ̀gbẹ́ táǹkì náà.

"Ó dáa," Tinúadé wí, "èmi ni mo bú u. Kí wọ́n gbé èmi lọ."

"Orí òkè ni ilé yín wà. Wọn kì í ṣí onílé nípò."

"Òfin tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri ìjọ wa sọ pé kò sí onílé mọ́, kò sí àlejò mọ́."

Ojú Dókítà pọ́n, ó ń wá ibi tó máa wò. Níkẹyìn ó wo ìsàlẹ̀ òkè, Tinúadé sì bá a wò ó. Ilé-Léfòó wà níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ ńlá tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra lójú omi, tí wọ́n ń kó àwọn ará omi tí tábìlì kọ̀ sí. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀hún, ó máa ń gbé ikọ́ wọn wá sókè. Aṣọ funfun ni wọ́n ń ta sórí òpó fún olúkúlùkù ẹni tó bá kú, àwọn aṣọ náà sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú oòrùn òwúrọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ṣọdún. Tinúadé yí ojú kúrò kí ó má baà kà wọ́n.

"Màá wá bá yín jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la," Dókítà wí. "Bí iná bá pọ́n lójú mi, kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ara yín nìkan, Arábìnrin. Ìyẹn náà ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Nígbà tí ọkọ̀ Dókítà lọ tán, Alàgbà Fẹ̀yìntọlá, aládùúgbò wọn, ti ń dúró lẹ́bàá ọgbà. Etí rẹ̀ mú ju ti Ẹlẹ́rìí lọ. Àwo idẹ kan wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n kọ ILÉ ÌRẸ́PỌ̀ sí i, ó sì máa ń fi epo nù ún lọ́jọ́ Sátidé kí ó lè dán de àwọn tó ń lọ sí ìsìn. Tọkọtaya ará omi tí wọ́n pín fún un, inú àgọ́ adìyẹ ni wọ́n ń sùn.

"Ìyá Àṣàbí, mo gbọ́ pé iná yín tún pọ́n," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ ti fẹ́ràn obìnrin yẹn jù."

"Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀, Alàgbà?"

"N kò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Wàhálà ni mo pè é. Ṣé ẹ ti jókòó ní ọsibítù rí, tí ẹ ń retí kí wọ́n pè yín? Bí ẹ ṣe ń kí ẹni tó jókòó tì yín ńkọ́? Ẹ kú ìjókòó o, ara á le o, Ọlọ́run á ṣàánú o. Kí ẹ tó wọlé tọ dókítà, ẹ ti gbàgbé ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí èèyàn ò fẹ́ràn kì í ṣòroó bọ̀wọ̀ fún. Iná tèmi ò pọ́n rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé."

"Àwọn ará ilé yín ńkọ́? Ara wọn yá?"

"Wọ́n wà. Wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

"Kí lorúkọ ìyàwó yẹn gan-an?"

Alàgbà wo ojú ọ̀run, ó fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Orúkọ rẹ̀... Ẹ̀yin náà ẹ! Ṣé orúkọ là ń jẹ lórí tábìlì ni?"

Ohun tó dun Tinúadé jù ni pé ọkùnrin náà kò purọ́ fún un. Ọ̀nà tó júwe yẹn, ọ̀nà tó ń mú iná mọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó mú Ìyá Omíyalé lọ sẹ́yìn táǹkì. Ó sọ ohun tí Dókítà wí fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí òkúta, ó ní kí àwọn méjèèjì fi dánra wò.

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé oúnjẹ wà níwájú wa. Ẹ̀yin á wí pé, 'Ẹ ṣé, Arábìnrin Tinúadé. Oúnjẹ yìí dùn.'"

"Bí kò bá wá dùn ńkọ́?"

"Ìyá!"

"Ó dáa, ó dáa." Arúgbó náà tún ìró rẹ̀ ró, ó sún ẹnu síwájú bí ẹni tó fẹ́ fọn fèrè. "Ẹ ṣé, Arábìnrin... Háà, n kò lè pe ìyálé mi lórúkọ o, ẹnu mi á wọ́. Oúnjẹ yìí dùn. Ó dùn débi pé aláìsàn tó ti ń kú lọ dìde, ó sá fún un!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó lu itan rẹ̀.

Tinúadé kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, Ilé-Léfòó ni wọ́n máa gbé yín lọ. Ẹ ti gbọ́ ikọ́ wọn."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú arúgbó náà díẹ̀díẹ̀. "Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn tó hú u." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́, ìyálé mi. Omi gba ilé mi. Ó gba àwọ̀n mi, ó gba ọkọ̀ mi, ó gba Omíyalé. Ohun tó kù tí mo gbé gun òkè yìí ni ẹnu mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bú yín tí ẹ bú mi padà, inú iyàrá ni mo lọ, mo sunkún. Ẹ ò mọ̀. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mo ti délé. Ará ìta kì í búni bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù máa ń bà á. Ẹ wá ní kí n máa kí yín bí akọ̀wé kóòtù?"

"Ẹ̀mí yín ni mo ń wá. Ṣé ikú ò bà yín lẹ́rù ni?"

"Ó bà mí lẹ́rù púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú sọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé àwọn ọkọ mi wà lókè níbí tó máa sunkún mi. Ẹni tó ní ìyẹn, kò kú tán."

Ó dìde, ó gbá yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kúrò nídìí ìró rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀fọ́.

Ní ọjọ́ kejì, bí Tinúadé ti ń be iṣu fún oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Baba, dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Bí ẹ̀mí bá ṣáà ti wà, ìfẹ́ á tún hù. Igi tí wọ́n gé lulẹ̀ pàápàá, bó bá gbóòórùn omi, á rúwé. Ó rò pé Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé òun àti ara rẹ̀ ló ń ṣe àdéhùn.

Ó gún iyán náà títí apá fi ń ro ó. Kò fi kókó kankan sí i.

Dókítà jókòó sí àárín Adékànmbí àti Tinúadé. Ìyá Omíyalé àti Àṣàbí wà ní òdìkejì. Adékànmbí gbàdúrà. Ẹlẹ́rìí ń tàn bí ewé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, kò sì sí ìró kankan bí kò ṣe ti ọwọ́ nínú ọbẹ̀. Ìyá Omíyalé fi ìka tẹ iyán, ó wá kókó inú rẹ̀ tì. Tinúadé rí i bí ẹnu ṣe ń yún un. Ó rí i tó gbé ọ̀rọ̀ mì, tó tún gbé òmíràn mì.

Wọn ì bá jẹ oúnjẹ náà tán bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ò mọ òfin.

"Ìyàwó mi," Àṣàbí wí, ó sún àwo rẹ̀ síwájú, "ẹ bá mi yọ eegun ẹja yìí."

Ojú arúgbó náà là bí ilẹ̀kùn. "Ọkọ mi Eyín-Ò-Pé! Kí ni kí n yọ ọ́ fún? Ẹ jẹ́ kí eegun náà wà níbẹ̀, kí ó rọ́pò eyín tó ti sá lọ!" Àṣàbí kígbe ẹ̀rín. Iná náà di ìyeyè. "Àbí mo purọ́, ìyálé mi Orí-Àpáta?"

Ó yíjú sí Tinúadé, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, ó ń retí èsì, bí ẹni tó sọ ọsàn sáfẹ́fẹ́ fún ẹnìkejì rẹ̀ láti gbá mú. Inú gíláàsì náà ti ń ṣú, ìyeyè ti ń di osùn. Dókítà ti gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo.

"Ìyá," Tinúadé wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ọmọ mi ní ọkọ yín mọ́. Àṣàbí lorúkọ rẹ̀. Ẹ kì í ṣe ìyàwó ilé yìí. Àlejò wa ọ̀wọ́n lẹ jẹ́, a sì bọ̀wọ̀ fún yín gidigidi."

Osùn náà fà sẹ́yìn. Ìyeyè fà sẹ́yìn. Ewé yọ, ó mọ́, ó tutù, ó tàn yíká gbogbo yàrá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Ẹlẹ́rìí wọ ilé náà, kò tíì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Omíyalé kò ṣípò padà. Ẹja náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo ojú Tinúadé, ó ń wá ibi tí eré wà níbẹ̀, bí èèyàn ṣe ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sórí ẹní. Tinúadé mọ̀ pé bí òun bá ṣẹ́jú sí i lẹ́ẹ̀kan péré, arúgbó náà á mọ̀. Á mọ̀, á sì bú sẹ́rìn-ín, iná á sì pọ́n. Kò ṣẹ́jú.

Arúgbó náà yọ eegun ẹja náà, ó yọ ọ́ tán, ó gbé ẹran rẹ̀ sínú àwo ọmọ náà jẹ́jẹ́. Ó wẹ ọwọ́.

"Ẹ ṣé, Arábìnrin Tinúadé," ni ó wí. "Oúnjẹ yìí dùn."

Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Iná náà kò mì.

Dókítà Ìbíyẹmí ń sunkún. Ó di ọwọ́ Tinúadé mú lórí tábìlì. "Ẹ rí i pé ó ṣeé ṣe? Ẹ rí i? Ká ní wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí lọ́jọ́ Ìjà Kànga ni, àbúrò mi ì bá wà níbí lónìí." Kí ó tó lọ, òun fúnra rẹ̀ ló kan àwo idẹ ILÉ ÌRẸ́PỌ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wọn. Adékànmbí bá a di ìṣó mú. Kò wo ojú aya rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Tinúadé bá Ìyá Omíyalé lẹ́yìn táǹkì. Ó ń fọ àwo rẹ̀ àti ife rẹ̀, tirẹ̀ nìkan, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé. Tinúadé kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ìyá, eré ni mo ṣe. Kí wọ́n má baà gbé yín lọ ni. Ẹ mọ̀ pé eré ni."

"Mo mọ̀. Ẹ dìde, ẹrẹ̀ á ba aṣọ yín jẹ́."

"Etí rẹ̀ ò dé ibí. Ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."

Arúgbó náà dojú àwo délẹ̀, ó dojú ife délẹ̀. "Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti ń wá èyí tí màá fi bú yín. N kò rí i." Ó fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́. "Ohun kan ló ń dà mí láàmú, Arábìnrin. Wọ́n ní ohun tó wà nínú èèyàn ni iná yẹn ń rí. Nígbà tí ẹ pè mí ní ẹja gbígbẹ, ó pọ́n. Nígbà tí ẹ pè mí ní àlejò, ó mọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn yín lánàá. N kò gbọ́ kí ohùn yín rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kò dún létí mi bí eré."

"Ọlọ́run rí ọkàn mi, Ìyá!"

"Ọlọ́run rí i. Èmi ni kò rí i mọ́."

Tinúadé gbé ojú sókè. Ó pinnu pé òun ni yóò kọ́kọ́ bú u. Òun á pè é ní Ẹja-Gbígbẹ bí ti tẹ́lẹ̀, ohun gbogbo á sì padà sípò. Ọ̀rọ̀ náà gòkè wá dé orí ahọ́n rẹ̀, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbọ́ ọ bí Dókítà ṣe máa ń gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ àdá. Kò mọ̀ mọ́ bóyá òun tilẹ̀ ti sọ ọ́ rí láìsí díẹ̀ nínú ìyẹn níbẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Láti ìhà ọgbà, Alàgbà Fẹ̀yìntọlá juwọ́ sí wọn. "Ẹ kú oríire o! Mo rí àwo yín! Epo àgbọn ni kí ẹ máa fi nù ún, ti pupa máa ń sọ ọ́ di dúdú!"

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Omíyalé ti jókòó sídìí tábìlì kí oúnjẹ tó délẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun. Nígbà tí Tinúadé gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Arábìnrin." Nígbà tí Adékànmbí wọlé láti ibi iṣẹ́, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni." Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni tí wọ́n gba fìlà lórí rẹ̀.

Àṣàbí ló wọlé gbẹ̀yìn, ó sáré ti ibi eré bọ̀, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó mi! Ìyàwó mi, eyín mi kan tún yọ! Ẹ wò ó!"

Ó la ẹnu, ó na eyín náà síwájú nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń dúró. Ọwọ́ arúgbó náà gbéra kúrò lórí itan, ó fẹ́ dé orí ọmọ náà. Ó wo àárín tábìlì. Ó dá ọwọ́ náà padà síbi tó wà.

"Káàbọ̀, Àṣàbí," ni ó wí.

Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, láti wo ọmọ tí wọ́n ń kí. Kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lórí tábìlì, iná náà ń tàn bí ewé tuntun.